Wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé owó ìwádìí lórí àìsàn àwọn ọmọ wa. Ṣé ká fọwọ́ sí i?

Ìyá Ìbùkún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló dé bá ẹgbẹ́ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹgbẹ́ òbí àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde ni wá. A ò pọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n fẹ́ tọrọ owó ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún, àjọ tó fẹ́ gbé owó náà kalẹ̀ sì sọ pé dandan ni kí ẹgbẹ́ aráàlú kan fọwọ́ sí i pé àwọn wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ti bá wa kọ lẹ́tà ọ̀hún tán. Ìbuwọ́lùwé alága ló kù, ìyẹn èmi. Ó wà nínú rẹ̀ pé “a ti jọ jíròrò lórí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.” A ò tíì fojú kan ara wa rí.

Mo ka ìwé àbá wọn. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, kí wọ́n fi wo àbùdá tó ń mú kí àìsàn yìí le lára ọmọ kan ju òmíràn lọ. N ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa kọ́ nìyẹn.

Ó lé lọ́dún méjì tí àwa ìyá ti ń kọ nǹkan sínú ìwé kan. Ìwé ilé-ìwé lásán ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, a fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́. Bí ìrora bá gbé ọmọ ẹnikẹ́ni tí a sì gbé e dé ilé ìwòsàn, a ó kọ aago tí a dé ẹnu ọ̀nà, aago tí ẹnì kan kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, àti aago tí oògùn ara ríro àkọ́kọ́ wọ ara rẹ̀. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ: “Dé: 11:20 alẹ́. Yẹ̀ ẹ́ wò: 11:45. Oògùn: 3:50.” Láàárín 11:45 sí 3:50, ọmọ mi fi eyín ha apá aṣọ mi títí ó fi ya. Wọ́n ní kí n sọ fún un kó dákẹ́, pé ó ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló ń jẹ wákàtí mẹ́rin yẹn, kí la sì lè yí padà tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́? Ta ló ń gbé owó kalẹ̀ fún irú ìbéèrè báyìí? Ṣé kí n fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, kí n sì máa retí pé wọ́n á ráyè gbọ́ tiwa lọ́jọ́ iwájú?

Ọmọ Làbù

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọlọ́run yóò bá wa wo Ìbùkún sàn.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ fọwọ́ sí i. Làbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ bí owó ìwádìí ṣe ṣọ̀wọ́n tó fún àìsàn yìí. Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí owó ìwádìí pọ̀ sí jù lọ láyé. Àwọn tó ní fòníkúfọ̀ladìde níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ní cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ni tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń bá jà jù, kò tó ìdajì wọn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 wá pín owó tí ìjọba ná lórí àìsàn méjèèjì láti 2008 dé 2018 sí orí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ti cystic fibrosis ju ìlọ́po mẹ́ta tiwa lọ.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ tọrọ owó lórúkọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ ká dí i lọ́nà. Ìwádìí àbùdá yìí náà ló bí ìtọ́jú méjì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Nígbà tí wọ́n dán ọ̀kan nínú wọn wò, ìyẹn Casgevy, 29 nínú 31 aláìsàn tó ti pẹ́ tó láti ṣírò ló lo oṣù 12 gbáko láìsí ìrora líle. Ẹ rò ó wò, mà: ọdún kan gbáko.

Jagunjagun SS

Mo ti lé ní ogójì ọdún, SS ni mí, mo sì ti sin ọ̀rẹ́ tó pọ̀ ju iye tó kù lọ. Ọmọ Làbù, mo gbọ́ ẹ, inú mi sì dùn sí àwọn 29 yẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n parí ìtàn náà fún wọn. Iye tí wọ́n kọ sára Casgevy ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dọ́là fún ẹnì kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn jẹjẹrẹ pa mùdùnmúdùn inú egungun èèyàn kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe padà sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wàá fi wà nílé ìwòsàn? Ilé ìwòsàn wo?

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbé yẹ̀ wò ni hydroxyurea. Kóró oògùn lásán ni. Ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ SS láyé, ibà sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí dókítà ibẹ̀ àti òbí ń bi ara wọn ni pé: ṣé oògùn tó ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tó ń bá àrùn jà, kù kò ní jẹ́ kí ibà pa ọmọ? Ìbéèrè ńlá ni. Ìgbà wo ni ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀ dé? Ọdún 2019, nígbà tí èsì ìwádìí REACH jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó lé ní 600 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ìrora dín kù, ẹ̀jẹ̀ gbígbà dín kù, ikú dín kù, ibà gan-an tí wọ́n ń bẹ̀rù dín kù.

Ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀yin ará. Kóró oògùn náà wà nílẹ̀. Owó láti béèrè ìbéèrè náà ni kò sí. N ò lè ka iye ọmọ tó lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, n ò sì fẹ́ kà á.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe jù. Ìyá Ìbùkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú wákàtí mẹ́rin yẹn fún yín, nítorí òdì kejì tábìlì ni mo máa ń wà.

Oògùn tó lè ká irú ìrora yẹn kì í wà nílẹ̀ gbalaja. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì ló máa ń wà, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà lálẹ́ fún wọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ọrùn ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló máa ń so sí. Bí ọ̀gá bá wà lókè ní wọ́ọ̀dù aláboyún, ẹ ó wá a lọ. Ẹ bá a, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lára ẹni tó ń rọbí. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, dókítà tó yẹ kó buwọ́ lu ìwé oògùn ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà jáde, nọ́ọ̀sì kejì tó yẹ kó ṣe ẹlẹ́rìí bí a ṣe ń fa oògùn náà ti bá aláìsàn mìíràn lọ sí ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣìkà nínú gbogbo wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ náà ṣì ń jẹ̀rora.

Ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ náà tún ní ohun mìíràn, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Bí ọ̀dọ́ tó ní SS bá wọlé tó sì dárúkọ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún un àti ìwọ̀n rẹ̀, dípò ká ní ẹni yìí mọ ara rẹ̀, ojú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún la máa fi ń wò ó. Mo ti ṣe é rí. Mo ní kí ọmọbìnrin kan dúró ná. Mo ṣì ń rántí aṣọ tó wọ̀.

Kì í ṣe pé a ò mọ ohun tó yẹ. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 2012 pé kí oògùn ara ríro dé ara aláìsàn bẹ́ẹ̀ láàárín 30 ìṣẹ́jú tó bá ti dé. Ìmọ̀ ti wà. Bí ìmọ̀ náà yóò ṣe dé ìdí ibùsùn ni kò rí onígbọ̀wọ́. Kò sí iṣẹ́ àbùdá kan tó máa yanjú ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Alájọwádìí

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ń sọ òótọ́ báyìí níbi ìpàdé, iṣẹ́ ì bá ti rọrùn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ará àdúgbò ṣe ìwádìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí lẹ́tà tí wọ́n gbé wá bá ìyá wa ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1990, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tó wo ọ̀rọ̀ ìwádìí ìlera ṣírò pé nínú gbogbo owó tí ayé ń ná sórí rẹ̀, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ló ń lọ sórí ìṣòro àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn orílẹ̀-èdè yẹn ló ru ìdá 93 nínú 100 ẹrù ikú àìtọ́jọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn èèyàn lára. Nígbà tó yá, lọ́dún 2009, Iain Chalmers àti Paul Glasziou kọ ọ́ pé bí ìdá 85 nínú 100 owó ìwádìí ìṣègùn ló ń ṣòfò. Ohun tí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn okùnfà tí wọ́n kà ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe èyí tó kan aláìsàn àti dókítà rẹ̀.

Látìgbà yẹn ni oríṣiríṣi ọ̀nà ti ń yọjú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Lind Alliance bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Wọn á kó aláìsàn, àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé, àti dókítà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì jọ, wọn á gba ìbéèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọn á yọ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà kúrò, wọn á wá jókòó yí tábìlì ká títí yóò fi ku mẹ́wàá. Àwọn tó ń gbé owó kalẹ̀ lè wá mú nínú mẹ́wàá yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìlera ọdún 2010 dá PCORI sílẹ̀, àjọ kan tó ń gbé owó ìwádìí kalẹ̀. Níbẹ̀, aláìsàn máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti fún ìwé àbá ní máàkì. Ọ̀pọ̀ àjọ wá ń sọ pé kí olùwádìí fi hàn pé aráàlú wà nínú iṣẹ́. Ète rẹ̀ dára. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ó di lẹ́tà tí wọ́n ti kọ tán, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa buwọ́ lù ú nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ má buwọ́ lu gbólóhùn tí kì í ṣe òótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ pé rárá. Ìbuwọ́lùwé yín gan-an ni wọ́n nílò, láìsí i, àjọ náà ò ní ka ìwé wọn. Ọwọ́ yín kò ṣófo.

Akápò

Èmi ló máa ń bá àwọn olùwádìí tò owó sínú ìwé àbá. Ẹ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn inú ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ibi ìṣúná. Ohun tí èèyàn kà sí pàtàkì, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ yín níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ san owó rẹ̀ àbí owó ọkọ̀ lásán? Ẹ tún wo bí owó náà ṣe máa dé. Èyí ló máa ń pa ẹgbẹ́ kékeré. Wọn á ní kí ẹ kọ́kọ́ ná a láti àpò yín, kí ẹ kó rìsíìtì wá, pé àwọn á dá a padà láàárín oṣù mẹ́ta. Yunifásítì lè dúró oṣù mẹ́ta. Ìyá tó fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá kò lè dúró. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè nítorí iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí, tó sì túká kí owó tó dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹgbẹ́ náà lọ tọrọ owó tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà kọ ìwé àbá 3,727 sí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba wọn kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ṣírò àkókò tó gbà wọ́n, ó tó ọdún 550 iṣẹ́ èèyàn kan. Nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló rí owó. Àwọn tó ní ọ́fíìsì, akọ̀wé àti owó oṣù nìyẹn o. Ẹ wá wo ìyá ọlọ́mọ SS tó ti alẹ́ mọ́jú ní ilé ìwòsàn.

Ìyá Ìbùkún

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo jókòó ti ìṣúná náà lálẹ́ àná nígbà tí àwọn ọmọ sùn. Ó gùn ju ohun tí mo rò lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àbùdá, fìríìsà, owó oṣù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ìrìn àjò lọ sí àpérò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Tiwa wà lójú ewé tó kẹ́yìn: “Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú aráàlú: ọkọ̀ àti gbọ̀ngàn fún ìpàdé méjì lọ́dún.” Mo fi kakulétọ̀ ṣe é. Kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Nǹkan mìíràn tó ń kọ mí lóminú ni èyí. Wọ́n ní àwọn á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa fún ọdún 15 “fún ìwádìí mìíràn tó bá jẹ yọ.” Ìwádìí wo? Bí Ìbùkún bá pé ọmọ ọdún 20, tí kò fẹ́ mọ́ ńkọ́?

Jagunjagun SS

Ẹ dúró lórí ibẹ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn Havasupai. Ẹ̀yà kékeré ni wọ́n, inú àfonífojì ńlá Grand Canyon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Ìtọ̀ ṣúgà ń pa wọ́n. Láti ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí láti Arizona State University ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí àwọn èèyàn náà gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ mọ ìdí ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́dún 2003, obìnrin kan nínú wọn lọ jókòó síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì náà, ó wá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ni wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ náà ò sì kan ìtọ̀ ṣúgà rárá. Wọ́n ti fi wo àrùn ọpọlọ. Wọ́n ti fi wo bóyá ìbátan ń fẹ́ ìbátan. Wọ́n ti fi wo ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, èyí tó ta ko ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n dì mú. Wọ́n pẹjọ́. Lọ́dún 2010, yunifásítì náà gbà láti san 700,000 dọ́là, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà fún wọn. Àwọn ará Havasupai fọwọ́ ara wọn gbé e lọ sílé.

Kì í ṣe pé kí ẹ bẹ̀rù ìwádìí, Ìyá Ìbùkún. Èmi gan-an wà nínú ìwádìí kan lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí ẹ kàn rí i pé kò sí “mìíràn tó bá jẹ yọ” láìjẹ́ pé wọ́n padà wá béèrè.

Ọmọ Làbù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Alẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo gbà pé lẹ́tà yẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣì wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Bí a bá ní ìbéèrè aráàlú nìkan ni owó yóò máa bá lọ, ta ni yóò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé ó wà? Ní Dallas, àwọn olùwádìí rí i pé nǹkan bí àwọn 2 sí 3 nínú 100 aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò ní ìyípadà kan lára àbùdá PCSK9, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀nà sí oògùn tí àwọn alárùn ọkàn ń lò kárí ayé báyìí. Kò sí ẹgbẹ́ òbí tó lè kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀.

Èkejì, ta ni aráàlú? Ẹgbẹ́ tó lè kọ lẹ́tà, tó ní alága tó ń ka ìṣúná lóru, ṣé ẹgbẹ́ yẹn ló ń sọ tẹnu gbogbo èèyàn?

Alájọwádìí

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, àbúrò, n ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èkejì yẹn ló nira jù. Àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn ni mo máa ń rò: ìyá tí kò mọ̀wé, bàbá tó sá lọ nígbà tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún un, òbí tí ọmọ rẹ̀ ti kú tí kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Bí a bá ní aráàlú ti sọ̀rọ̀, tí àwọn wọ̀nyí ò sí níbẹ̀, àìdọ́gba kan la fi rọ́pò òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé owó gbọ́dọ̀ wà láti lọ bá wọn nílé. Wíwá èèyàn kàn gba àkókò, àkókò sì lówó lórí.

Ti àkọ́kọ́, kíyè sí PCSK9 tí o dárúkọ. Bí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò bá sí nínú ìwádìí Dallas, ṣé wọn ì bá rí i tó bẹ́ẹ̀? Ohun kan náà la jọ ń sọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n pa ìwádìí àbùdá tì. Èyí tí mo ń wí ni pé kí ẹni tó ń jẹ̀rora wà níbi tí wọ́n ti ń pín in, kó tó di pé wọ́n pín in tán.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì so èso. Àrùn yírùnyírùn máa ń jà káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ aginjù Sàhárà, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Etiópíà. Lọ́dún 2001, àjọ WHO àti PATH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti wá abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i, pẹ̀lú owó ilé-iṣẹ́ àánú Gates. Kí wọ́n tó pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣe é, wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ ìlera ní Áfíríkà léèrè iye tí agbára wọn ká. Wọ́n ní kó má kọjá ààbọ̀ dọ́là, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní lè rà á. Iye yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó wá ẹni tó máa ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Serum Institute ní Íńdíà gbà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní Burkina Faso. Oríṣi A tó ń fa àjàkálẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbi gbogbo tí wọ́n ti gún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè níbẹ̀rẹ̀, “èló lẹ lè san?”, òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ gbà mí láyè kí n fi kékeré kan kún un. Ẹ̀rọ tí a máa ń há mọ́ ìka láti fi mọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, ẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó máa ń sọ fún wa pé ara aláwọ̀ dúdú le nígbà tí kò le, tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ ni mo ti ń lò ó. Ẹ̀rọ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ná owó tó pọ̀ tó láti wò ó lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Akápò

Ó ku ọjọ́ méjì. Ìyá Ìbùkún, bí ẹ bá fẹ́, kí a jọ kọ lẹ́tà tiwa síbí. Èmi bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ẹ̀yin tún un ṣe:

“Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. A kò lè buwọ́ lu pé a ti jọ jíròrò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kò tíì pàdé. A fẹ́ kí a pàdé. A ní àkọsílẹ̀ ọdún méjì lórí bí oògùn ara ríro ṣe ń pẹ́ kó tó dé ara àwọn ọmọ wa, a sì fẹ́ kí ìbéèrè yìí wọ inú iṣẹ́ náà pẹ̀lú olùwádìí tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ wa, kí owó náà sì máa ṣáájú iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ lọ sínú ìwádìí mìíràn láìjẹ́ pé ẹ padà wá bá àwọn òbí, àti àwọn ọmọ fúnra wọn tí wọ́n bá ti dàgbà.”

Jagunjagun SS

Fi kún un pé kí wọ́n wá sọ èsì fún wa lédè tí a gbọ́, kó tó jáde nínú ìwé ìròyìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe ìwádìí lára mi. N ò gbọ́ èsì ọ̀kankan rí.

Ọmọ Làbù

Kí ẹ sì sọ ẹni tó ń di ìwé àwọn ìyá yẹn mú, mà. Ó ní orúkọ ọmọ nínú. Kó má lọ di pé wọ́n ya á lẹ́dà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́, màá wá bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà láìkọ orúkọ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbùkún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìrora gbé Ìbùkún ní ọjọ́rú, ilé ìwòsàn la wà títí di àná.

Láti ibẹ̀ ni mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí ní ọjọ́bọ̀, a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Wọ́n kọ́kọ́ ń sáré sọ̀rọ̀, wọ́n ní àkókò ti lọ. Mo wá ka ojú ewé 11:20 alẹ́ yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbì kankan.

Wọ́n ti yọ gbólóhùn irọ́ yẹn kúrò. Ti ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbà. Ti èsì, wọ́n gbà. Ti owó ni wọ́n ń lọ́ra sí. Wọ́n ní àjọ náà kò gbà kí owó lọ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ tí kò ní àyẹ̀wò ìṣirò owó ọdọọdún. Nítorí náà n ò tíì buwọ́ lu ohunkóhun. Wọ́n ní àwọn á dúró di ìgbà tí wọ́n tún máa gba ìwé, oṣù mẹ́fà sí i, kí a lè jọ kọ apá ti kọ́kọ́rọ́ náà. Inú mi kò dùn tán pé oṣù mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n àwọn ló dábàá rẹ̀ fúnra wọn.

Akápò

Ẹ ní kí wọ́n fi ìlànà àjọ náà ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àjọ náà á gbà kí ẹgbẹ́ ńlá kan tó ti ní àyẹ̀wò gbà á lórúkọ yín, kó sì fi lé yín lọ́wọ́. Oṣù mẹ́fà tó láti wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Màá bá yín kà á.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìbùkún ńkọ́? Wákàtí mélòó lẹ fi dúró lọ́tẹ̀ yìí?

Ìyá Ìbùkún

Ó ti ń jẹun, ẹ ṣeun. Mo ti fa ìlà kẹrin sínú ìwé náà nítorí ohun tí ẹ sọ. Báyìí ni ojú ewé ti ọjọ́rú ṣe rí: “Dé: 8:05 alẹ́. Yẹ̀ ẹ́ wò: 8:20. Kọ́kọ́rọ́ dé: 10:40. Oògùn: 10:50.” Mo ti sọ fún gbogbo àwọn ìyá pé kí wọ́n máa kọ ti kọ́kọ́rọ́ náà.